Nining àti Ọwọ́ Tó Sá Pamọ́

Nining la ojú.

Kò rí igi máńgòrò lójú fèrèsé. Kò gbọ́ ìró òkun.

Kèkèrékè-é! Àkùkọ kan kọ níta.

"Nanay, àkùkọ ibí náà gbọ́ èdè wa!" ni Nining wí.

Nanay bú sẹ́rìn-ín. Nanay ni ìyá Nining.

"Ẹ káàárọ̀, Nanay. Ọwọ́ yín dà?"

Nanay na ọwọ́ sí i. Nining gbà á. Ó tẹrí ba, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ Nanay kan iwájú orí ara rẹ̀.

Pẹ́!

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi," ni Nanay wí.

Bí Nining ṣe máa ń kí àgbà nìyẹn. Gba ọwọ́. Tẹrí ba. Pẹ́!

Òní ni ọjọ́ Sátidé. Òní ni ọjọ́ kìíní Nining ní ìlú Lampang.

Nanay ti wà ní Lampang tipẹ́. Tíṣà ni ní ilé ìwé kan níbẹ̀. Tatay, bàbá Nining, wà lójú agbami. Inú ọkọ̀ òkun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́.

Nining ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Lola, ìyá àgbà rẹ̀, ló ń gbé, ní erékùṣù Guimaras.

Nígbà tó yá, Nanay wá mú un. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wùù. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, hùùù. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, gùgùgù. Nining sùn, ó jí, ó tún sùn, wọn ò tíì dé.

Ìgbà tí wọ́n máa fi dé, òṣùpá ti ń sùn.

Ní Guimaras, àgbà pọ̀ bí èso máńgòrò.

Lola wà lábẹ́ igi. Pẹ́!

Bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe wà létí òkun. Pẹ́!

Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ wà ní ìkóríta. Pẹ́!

Kí Nining tó padà délé, iwájú orí rẹ̀ á ti máa rùn bí ẹja.

"Nining," ni Lola wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, "ibi yòówù kí o dé, má ṣe kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òpó. Ọwọ́ àgbà ni ìre wà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Lola."

"Tíṣà! Tíṣà ò! Ṣé ẹ ti jí? Wọ́n ti ń bọ̀ o!"

Ohùn kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?" ni Nining béèrè.

"Mae Ui Kham ni, ará ilé kejì wa. Ní ìlú yìí, Mae Ui ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Jẹ́ ká lọ."

Ìkùukùu funfun bo títì. Mae Ui Kham kúnlẹ̀ sórí ẹní létí ọ̀nà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré síwájú. Ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ooru ń rú lára rẹ̀, fùù, fùù.

Àwọn bàbá kan sì ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Aṣọ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n. Wọn ò wọ bàtà. Olúkúlùkù gbé àwo ńlá kan dání.

Wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn ń dún.

"Àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì ni," ni Nanay sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oúnjẹ àárọ̀ wọn ni wọ́n wá gbà. Kúnlẹ̀ síbí."

Ṣùgbọ́n Nining ti rí bàbá tó wà níwájú.

Orí rẹ̀ ń dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hun jọ bí ewé gbígbẹ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ó dàgbà ju Lola lọ!

"Àgbà rèé," ni Nining wí. "Àgbà gidi rèé!"

Ó sáré. Pátá-pátá-pátá-pátá!

"Nining!" ni Nanay ké.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nining ti na ọwọ́.

Gba ọwọ́...

Fìrì! Bàbá fò sẹ́yìn.

Gbalangandan! Ọmọrí àwo rẹ̀ já bọ́. Ó yí gbirigbiri lọ sáàárín títì.

"Háà!" ni Mae Ui Kham wí.

"Háà!" ni obìnrin tó wà ní òdì kejì wí.

"Gbó!" ni ajá wí.

Ọwọ́ Nining nìkan ló ṣẹ́ kù lófuurufú. Ẹnikẹ́ni ò gbà á.

Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Nining ò tíì gbọ́ èdè Lampang. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ó ti sá wọlé.

Nínú ilé, Nining wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo tòsì.

Ó ti ọ̀kan bọ àpò. Ó ti èkejì bọ àpò.

"Ẹ sá pamọ́ síbẹ̀," ni ó wí fún wọn.

Nanay gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìrẹsì àti ẹyin díndín ni.

"Nining, wá jẹun."

Nining tẹ̀ síwájú. Ó ti ẹnu bọ àwo. Hábú!

"Ọmọ yìí, ṣé o ti di ewúrẹ́ ni? Ọwọ́ rẹ dà?"

"Wọ́n ti sá pamọ́."

Ẹyin lẹ̀ mọ́ Nining nímú. Nanay fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí omi lójú ọmọ rẹ̀, kò sì rín in mọ́.

"Bàbá yẹn ò fẹ́ ọwọ́ mi," ni Nining wí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ni. Àlùfáà tẹ́ńpìlì kì í fọwọ́ kan obìnrin. Obìnrin náà kì í fọwọ́ kan àlùfáà."

"Èmi kì í ṣe obìnrin. Nining ni mí."

"Obìnrin kékeré ni ọ́."

"Ṣé kì í fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ náà?"

"Kì í kàn án."

Nining ronú sí i. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn rárá.

"Ẹ mú mi padà sọ́dọ̀ Lola," ni ó wí. "Ní Guimaras, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ọwọ́ mi."

Nanay nu ẹyin kúrò nímú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí Nining. Ó ti ra ibùsùn kékeré sílẹ̀. Ó ti ra ìrọ̀rí aláwọ̀ ewé. Ẹni tó ń retí ti dé, ó sì ti fẹ́ máa lọ.

Kò! Kò! Kò!

Mae Ui Kham bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

Nining sá sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta nísàlẹ̀.

"Tíṣà, ẹni náà dà?" ni Mae Ui Kham béèrè. "Ẹni tó fẹ́ gbé àlùfáà wa lọ dà?"

"Mae Ui, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò tètè kọ́ ọ. Ṣé inú ń bí àwọn ará àdúgbò?"

"Inú wo? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́jà! Ojoojúmọ́ ni Bàbá Àgbà máa ń sọ pé eékún ń dun òun. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó ṣì lè fò báyẹn!"

Mae Ui Kham rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ di ìhà mú.

"Ó ní kí ẹ mú ọmọ náà wá sí tẹ́ńpìlì kí oòrùn tó mú."

"Kí ni wọ́n sọ?" ni aṣọ fèrèsé béèrè.

"Bàbá Àgbà fẹ́ rí ọ," ni Nanay dá a lóhùn.

Kì-kì-kì! Àyà Nining ń lù.

"Ṣé wọ́n fẹ́ bá mi wí ni?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Aṣọ fèrèsé mì díẹ̀. Ó dúró. Ó tún mì.

Nining ń ronú. Ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n àgbà ló ránṣẹ́. Bí àgbà bá ránṣẹ́ pe ọmọdé, ọmọdé á jẹ́ ẹ.

Ó jáde.

"A kì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo," ni ó wí.

Ó fi ẹsẹ̀ fa báàgì rẹ̀ jáde. Ó fi eyín ṣí i. Máńgòrò gbígbẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n dì í sínú ọ̀rá. Lola ló gé e. Lola ló sá a sóòrùn. Ọ̀rá kan ṣoṣo ni Nining mú wá láti Guimaras.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Nanay béèrè. "Òun nìkan lo ní o."

"Ó dá mi lójú."

Nining fi ẹnu gbé máńgòrò náà. Ó fi há abíyá. Wọ́n sì gbọ̀nà.

Ó ń rìn bí adìẹ tó fi apá ṣèṣe.

"Kí ló ṣe ọmọ yìí lápá?" ni Mae Ui Kham béèrè.

"Kò sí nǹkan kan," ni Nanay wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló sá pamọ́."

"Ọwọ́ máa ń sá pamọ́ ni? Èmi rò pé owó nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀!"

Tẹ́ńpìlì tutù nínú. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Àwọn aago wẹ́wẹ́ rọ̀ sábẹ́ òrùlé. Atẹ́gùn fẹ́ wọn: gín-ín, gín-ín, gín-ín.

Ológbò kan ń sùn. Àwọn ìyá àgbà kan jókòó, wọ́n ń to òdòdó.

Bàbá Àgbà náà jókòó.

Mae Ui Kham kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó forí kanlẹ̀. Nanay ṣe bẹ́ẹ̀.

Nining dúró lẹ́bàá òpó. Ó jìnnà. Ó jìnnà gan-an.

Pò! Máńgòrò já bọ́ lábíyá rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí i. Ológbò pàápàá la ojú kan.

"Gbé e fún Bàbá," ni Nanay sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò lè gbé e," ni Nining wí. "Wọn ò fẹ́ ọwọ́ mi."



Bàbá Àgbà mú aṣọ gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Fẹ́ẹ́ẹ́!

Ó di etí kan mú. Etí kejì nà lọ sórí pákó, títí dé iwájú ẹsẹ̀ Nining.

Bàbá ń dúró.

Gín-ín, gín-ín, ni àwọn aago wí.

Nining wo Bàbá. Ó wo aṣọ. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá wà lọ́hùn-ún. Nining wà níhìn-ín. Aṣọ wà láàárín. Ó dà bí afárá kékeré!

Ọwọ́ kan yọ jáde nínú àpò, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń yọ orí.

Ọwọ́ kejì yọ jáde.

Wọ́n gbé máńgòrò. Wọ́n gbé e sórí aṣọ. Wọ́n yára padà sẹ́yìn.

Bàbá fa aṣọ náà sọ́dọ̀. Wọ́ọ́ọ́.

Ó ṣí ọ̀rá. Ó mú máńgòrò kan, ó jù ú sẹ́nu.

Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́. Ó tún jẹ ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín kan ṣoṣo ló wà lókè, ó sì ti di aláwọ̀ ọsàn.

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "kí ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe láàárọ̀?"

"Ó fẹ́ kí yín ni, Bàbá. Nílé wa, ọmọdé á gba ọwọ́ àgbà, á fi kan iwájú orí, àgbà á sì súre fún un."

"Ìkíni ni?" Bàbá la ojú rẹ̀ gbòòrò. "Mo ṣe bí ìrẹsì mi ló fẹ́ gbà ni! Ebi sì ń pa mí!"

Nanay sọ ọ́ fún Nining ní èdè tiwọn.

"Ìrẹsì kẹ̀?" ni Nining ké. "Rárá o, Bàbá! Mi ò fẹ́ ìrẹsì yín!"

Nanay sọ ìyẹn náà fún Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Ṣé ẹ ò bínú?" ni Nining béèrè. Nanay ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn.

"Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà."

"Ṣé o rí i? Ọ̀kan náà ni wá."

Nining mí kanlẹ̀. Hùùù! Ó dà bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ọmọ yìí ti rìn jìnnà," ni ó wí. "Ara rẹ̀ ti dé. Ọkàn rẹ̀ lè máà tíì dé. Ọkàn kì í lè sáré tó ọkọ̀ òfuurufú."

Ó mú òwú funfun. Ó fi sáàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbàdúrà sí i lábẹ́nu, mùn-ùn, mùn-ùn. Ó wá gbé òwú náà sórí aṣọ.

"Ẹ so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ pe ọkàn rẹ̀ wálé. Èmi ò lè so ó. Mae Ui Kham, iṣẹ́ yín nìyí."

Mae Ui Kham mú òwú kan.

"Nining, ọwọ́ dà?"

Nining wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wo ilẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, ó nà án.

Ẹnikẹ́ni ò fò. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé háà.

Mae Ui Kham di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ tirẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń ta sánsán bí ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Ó yí òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ Nining. Ó ta kókó.

"Wá o, ọkàn Nining, wá o! Bí o bá wà létí òkun, dìde. Bí o bá wà lórí igi, sọ̀ kalẹ̀. Wá bá wa jẹ ìrẹsì. Wá sùn sórí ẹní. Wálé o, wálé!"

Ó fẹ́ fi ọwọ́ Nining sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Nining ò jẹ́ kó lọ.

Gba ọwọ́. Tẹrí ba.

Pẹ́!

Mae Ui Kham wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un wò.

"Ẹ̀n-ẹ́n-ẹn! Ó ti kí mi o! Ṣé ẹ rí i? Èmi ni ó kọ́kọ́ kí!"

"Èmi ńkọ́?" ni ìyá kan wí nídìí òdòdó. "Àgbà ni èmi náà."

"Èmi ni mo dàgbà jù níbí," ni ìkejì wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ìgbà tí wọ́n bí ọ, mo ti ń fọ àwo!"

"Irọ́ ńlá! Àwo wo lo fọ̀?"

Ní ọjọ́ gbogbo, wọ́n á ní àwọn ò tíì darúgbó. Lónìí, gbogbo wọn ń du àgbà bí ọmọdé ṣe ń du ẹran.

"Ẹ tò!" ni Bàbá Àgbà wí. "Ẹ tò sórí ìlà!"

Wọ́n tò.

Òwú kan. "Wálé o, ọkàn Nining!" Pẹ́!

Òwú míì. "Wálé o, ọkàn Nining!" Pẹ́!

Òwú míì. "Wálé o, wálé!" Pẹ́!

Wọ́n so ọ̀tún. Wọ́n so òsì. Ọrùn ọwọ́ Nining funfun báláú.

Nanay náà tò sẹ́yìn pátápátá. Òun ló so ti ìkẹyìn. Ó ń so ó, ó ń nu ojú.

"Nanay, ṣé ẹ ń sunkún ni?"

"Rárá o. Èéfín tùràrí ló kó sí mi lójú."

Pẹ́!

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ẹṣin kan fa kẹ̀kẹ́ kọjá. Pákà-pòkò, pákà-pòkò. Òdòdó wà létí ẹṣin náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Nanay, ẹṣin yìí ti dàgbà o!"

"Nining, ẹṣin ò lọ́wọ́."

"Áà. Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ẹṣin!" Nining sì ju ọwọ́ méjèèjì sí i.

Nanay dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nining.

"Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ọkàn rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti dé?"

Nining fi ọwọ́ lé àyà. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ikùn. Ó tún tẹ́tí sílẹ̀.

"Ó ti dé, Nanay," ni ó wí. "Ebi ń pa á."

Nanay gbé e sókè, ó fì í yíká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì sáré lọ sílé lọ jẹun.